Ìgò Oyin Tó Gba Ọ̀nà Ìgbẹ́ Wá sí Ìlaròó

Ìlaròó,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2019.

Ọlámipọ̀ ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ Ọdẹkúnlé ńkọ́? Ọmọ inú rẹ ńkọ́, ṣé ó ń ta ẹsẹ̀? Àwa náà wà níhìn-ín, a ń dúpẹ́.

Mò ń kọ lẹ́tà yìí nítorí pé o kò yéé pè mí lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi ní Abẹ́òkúta nínú oṣù kẹjọ, ohùn mi ti dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Dókítà ní kí n má lọgun. Èmi tó jẹ́ pé igbe ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi di ọ̀gá iléèwé! Bí o bá pè, tí mo bá ní "Pẹ̀lẹ́ o," o máa ń rò pé ọkùnrin kan ló gbé fóònù. Lẹ́tà ló yẹ wá. Kòkúmọ́ ọlọ́kadà, tó ń gba ọ̀nà ìgbẹ́ lẹ́yìn Owódé wọ ọ̀dọ̀ yín, ni yóò máa bá wa gbé e. Kí wọ́n tó ti bọ́dà, èèyàn lè jẹun àárọ̀ ní Ìlaròó kó lọ jẹ tọ̀sán ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Benin. Ìjọba ti wá sọ ọ́ di ará òkè òkun mọ́ mi lọ́wọ́.

Egbò ọ̀fun mi ti jiná, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ni ti Àṣìkẹ́ àbúrò mi, tó kó wá sọ́dọ̀ mi láti máa tọ́jú mi. Àṣìkẹ́ ti gbàgbé ọbẹ̀ sísè. Bó bá se ẹ̀fọ́, bí ìgbà tí èèyàn lá kọ́bọ̀ àtijọ́ ló ń rí lẹ́nu mi. Ẹ̀wà rẹ̀, kọ́bọ̀. Tíì lásán tó pò, kọ́bọ̀. Mo bi í bóyá ó ju ìṣó sínú ìkòkò, ó ní ìkòkò tí òun bá nílé mi náà lòun ń lò. Mo jókòó, mo rò ó, mo rí i pé bọ́dà yìí ló fà á. Ọ̀kadà kan náà tó gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù lọ sọ́dọ̀ yín ló ń gbé àpò ìrẹsì bọ̀. Báwo ni oúnjẹ yóò ṣe dùn?

Ní ti ìbímọ rẹ nínú oṣù kìíní, mò ń bọ̀ wá gbé ọmọ. O mọ̀ pé nínú ilé wa, ìyá tó bí ìyá ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ omi, iyọ̀, oyin àti obì wò lọ́jọ́ ìkómọ, tí á fi súre, kó tó kan ẹlòmíràn. Màmá mi ṣe é fún ìwọ. Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé kó má gba iṣẹ́ mi ṣe. Mo ti ń tún ohùn mi ṣe sílẹ̀ dè é.

Fún mi ní èsì kíákíá, kí o sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Lẹ́tà rẹ tó kọjá dà bí iṣu tí wọn ò bó.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í purọ́,
Dinah.


Àjàṣẹ́,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, 2019.

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Orí ìwé ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, nítorí ikùn yìí ò jẹ́ kí n lè kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀, Ọdẹkúnlé ló máa ń gbé mi dìde. Òun náà kí yín. Ó ní kí n fi Faransé bi yín pé ṣé dáadáa lẹ wà: "Sà va?" Mo ní kó yáa kọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀, pé ẹ ò ní dá a lóhùn.

Mo ti fi àmì sí i o, Màmá. Ẹ wo bó ṣe dára.

Ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ. Kọ́bọ̀ nínú ẹ̀fọ́, kọ́bọ̀ nínú ẹ̀wà, kọ́bọ̀ nínú tíì. Ìkòkò yàtọ̀, iná yàtọ̀, ife yàtọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kan gbogbo wọn ni ahọ́n yín. Ẹ má bínú sí mi. Nọ́ọ̀sì kan wà ládùúgbò wa tí mo sọ ọ́ fún, ó ní bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ sí ọ̀fun èèyàn, ìtọ́wò rẹ̀ lè yí padà fún ìgbà díẹ̀, oúnjẹ gbígbé mì náà sì lè nira. Ṣé ẹ ń gbé oúnjẹ mì dáadáa? Dókítà yín ní kí ẹ padà wá sí Abẹ́òkúta nínú oṣù kẹsàn-án kí wọ́n lè yẹ̀ yín wò. Ṣé ẹ lọ? Ẹ ò dárúkọ rẹ̀ rárá nínú lẹ́tà yín, bẹ́ẹ̀ ẹ ráyè dárúkọ ìṣó.

Ẹ bá mi bẹ Àǹtí Àṣìkẹ́. Ọbẹ̀ wọn kò burú tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín tó ń sanra lójoojúmọ́,
Ọlámipọ̀.


Ìlaròó,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, 2019.

Ọlámipọ̀,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ó pẹ́ kí n tó dáhùn nítorí pé inú ń bí mi. O ní ahọ́n mi ló bàjẹ́. Ahọ́n tí mo fi kọ́ ọ ní A, B, D! Mo ti dárí jì ọ́ ṣá, nítorí aláboyún kì í mọ gbogbo ohun tó ń sọ.

Kí o lè mọ̀ pé ara mi ti le: gbogbo oúnjẹ ló ń dùn báyìí. Ọbẹ̀ Àṣìkẹ́ dùn. Ẹ̀wà rẹ̀ dùn. Lánàá, ó gbàgbé iṣu sórí iná títí ó fi jóná, èyí tó jóná náà dùn. Mo sọ fún un, ó wò mí bí ẹni pé mo sọ Faransé.

Ẹ̀kọ gbígbóná ni mò ń jẹ jù báyìí. Kì í ṣe pé èbà kò lọ o. Mo kàn rí i pé ẹ̀kọ ló yẹ àgbà, èbà ti pariwo jù. Ní ti Abẹ́òkúta, ọ̀nà ti bàjẹ́, àwọn sójà sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n á máa yẹ inú àpò mi wò bóyá wọ́n á rí ìrẹsì níbẹ̀. Mi ò fẹ́ ìwọ̀sí.

A ti ṣe ìkórè. Èmi náà ni wọ́n fi iyọ̀ ọbẹ̀ ìjọ lé lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbé ìkòkò yẹn kalẹ̀ tí mi ò bá tíì tọ́ ọ wò látẹ́lẹwọ́. Mo tọ́ ọ wò, mo bu iyọ̀ sí i. Mo tún un tọ́ wò, mo tún bu iyọ̀ sí i. Àṣìkẹ́ ń fà mí láṣọ lẹ́yìn, mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Gbogbo ìjọ ló jẹ ọbẹ̀ yẹn, kò sí ẹnì kan tó ráhùn. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé omi tán nínú gbogbo dúrọ́ọ̀mù kí a tó kọ orin ìparí. Mo rò pé oòrùn ọjọ́ náà ló le.

Múra sí ọmọ rẹ, kí o fi èmi àti ahọ́n mi sílẹ̀.

Ìyá rẹ tí ara rẹ̀ le koko,
Dinah.


Àjàṣẹ́,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, 2019.

Màmá mi dáadáa,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Inú mi dùn gan-an pé gbogbo oúnjẹ ti ń dùn lẹ́nu yín, àti iṣu jíjóná pẹ̀lú. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ahọ́n mọ́ láé.

Kí ẹ lè mọ̀ pé mo ronú pìwà dà, mo fi ìgò oyin kan rán Kòkúmọ́ sí yín. Ará ilé Ọdẹkúnlé kan tó ń sin oyin ní Kétu ló fún wa. A ń rò ó bóyá òun ni a máa lò níbi ìkómọ, ṣùgbọ́n mo ní kò sẹ́ni tó lè dájọ́ oyin bí Màmá mi. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò, kí ẹ sì kọ̀wé bó ṣe rí gan-an. Ṣíbí kan ti tó. Ẹ má fún ẹlòmíràn nínú rẹ̀ o, Màmá. Ẹ̀yin nìkan.

Mo kúnlẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́,
Ọlámipọ̀.


Ìlaròó,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá, 2019.

Àwẹ̀ró ọmọ mi, ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀ lójú,

Oyin dé, oyin sì dùn!

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú Kòkúmọ́ rí. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá a dúró kó tó wọ Owódé. Wọ́n ní kí ló wà nínú ìgò, ó ní oyin ni. Wọ́n ní irọ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn tẹ ìka bọ̀ ọ́, ó fi lá. Kòkúmọ́ ní ojú ọkùnrin náà yí padà, ó tu itọ́, ó ní kó gbé e kúrò níwájú òun, òun ò fẹ́ rí i lójú ọ̀nà yẹn mọ́. Mo sọ fún Kòkúmọ́ pé bí oyin tòótọ́ ṣe máa ń ṣe ẹni tó bá ń ni ará ìlú lára nìyẹn.

Nígbà tí èmi tọ́ ọ wò, adùn rẹ̀ wọ eegun mi. Ó dùn lókè ahọ́n, ó dùn lábẹ́ ahọ́n. Ẹ lò ó fún ìkómọ, ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn.

O ní kí n má fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé mi ò lè dá jẹ nǹkan dídùn. Fíkà wa, Àlùfáà Alfred, wá kí mi pẹ̀lú ìyá Purity àti àwọn obìnrin ìjọ méjì. Mo fi oyin yẹn pa búrẹ́dì fún wọn, mo pa á kó nípọn. Fíkà bù ú jẹ, ó pajú dé. Ó pẹ́ kó tó la ojú, omi sì ti gba inú rẹ̀. Mo bi í pé, "Alfred, ṣé ó dùn?" Ó ní, "Màmá, Olúwa ló mọ̀ ọ́n." Mo fẹ́ fi kún un, ó ní àwẹ̀ òun bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Ìyá Purity, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò sọ gbólóhùn kan mọ́ títí ó fi délé rẹ̀. Bí oyin bá dára, ó máa ń múni ronú.

Bá mi kí àwọn àna wa. Sọ fún Bàbá Fágbénró pé mò ń bọ̀.

Ìyá rẹ tó mọ ohun tó dùn,
Dinah.


Àjàṣẹ́,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejìlá, 2019.

Màmá,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Kò sí oyin kankan nínú ìgò yẹn. Ewúro ni. Mo fún ewúro tútù, mo se omi rẹ̀ títí ó fi ki, mo wá fi ṣúgà tí mo jó dúdú kùn ún kó lè ní àwọ̀ oyin. Ọdẹkúnlé fi ahọ́n kàn án lásán, ó sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀yin jẹ ẹ́, ẹ ní ó wọ eegun yín.

Nígbà tí mo ka ti Fíkà, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò sì lè dá a dúró. Màmá, láyé yín, ẹ ò yin oúnjẹ ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ẹ dá mọ́ínmọ́ín padà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ń ráhùn, ọkàn mi máa ń balẹ̀. Ọjọ́ tí mo kà á pé iṣu jíjóná dùn ni ẹ̀rù bà mí.

Ìtọ́wò yín ti lọ, ẹ sì mọ̀ pé ó ti lọ. Kí lẹ wá ń fi pamọ́? Àǹtí Àṣìkẹ́ ní kí Kòkúmọ́ sọ fún mi pé aṣọ ti ń tóbi jù fún yín. Kì í ṣe ẹ̀kọ nìkan ló lè mú èèyàn rù bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ ti gun ọ̀kadà dé Ìlaròó o, Màmá.

Bí ẹ ò bá lọ sí Abẹ́òkúta, bí ẹ ò sì sọ fún mi ohun tó ń ṣe yín, màá ní kí ìyá ọkọ mi ṣe iṣẹ́ ìkómọ. Mi ò fi ṣeré.

Ọlámipọ̀.


Àjàṣẹ́,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kejìlá, 2019.

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún. Kòkúmọ́ ti wá, ó ti lọ, ó tún ti wá, kò mú nǹkan kan bọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín. Ó ní ẹ gba lẹ́tà mi lójú ilẹ̀kùn, ẹ ò sì ní kó jókòó. Ó ní òun gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́ nínú yàrá bí ẹni pé ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pe fóònù yín, ẹ pa á mọ́ mi lẹ́nu. Mo pe Àǹtí Àṣìkẹ́, wọ́n ní ẹ ti fi Bíbélì mú wọn búra pé wọn ò ní sọ̀rọ̀.

Màmá, ẹ bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Ìyá kì í ṣe ẹni tí à ń dẹ ìgò ewúro dè. Ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé. Ẹ̀bú pàápàá, ẹ kọ ọ́. Ọmọ yìí ti ń sọ̀ kalẹ̀, mi ò sì fẹ́ bí i láìgbọ́ ohùn yín lórí ìwé.

Ọmọ yín náà ni,
Ọlámipọ̀.


Ìlaròó,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kìíní, 2020.

Ọlámipọ̀, ọmọ tí kò bẹ̀rù àgbà,

Ẹ̀bú tí o bèèrè nìyí: olórí kunkun, afiyà-jẹ-àlùfáà, ẹni tó fi ewúro ṣe Kérésìmesì fún ìyá tó bí i. Mo ti sọ ọ́, ara ti tù mí.

Mo lọ bá Alfred nílé rẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti kọ́là ọrùn, ó ní, "Màmá, nígbà tí mo wà ní kíláàsì yín, mo ní ẹ̀wà iléèwé kò dùn, ẹ sì nà mí." Ó ní láti ìgbà náà lòun ti pinnu pé ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ mi wá, òun á gbé e mì. Mo bi í nípa ọbẹ̀ ìkórè. Ó ní kí n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

O ti borí mi, nítorí náà gbọ́ òtítọ́. Mi ò mọ adùn nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó; nínú ẹnu tèmi, obì àti ìṣó dọ́gba. Èyí kò tíì tó nǹkan. Èbà máa ń dúró ní àárín ọ̀fun mi bí ẹni tí kọ́sítọ́ọ̀mù dá dúró, ṣùgbọ́n mo lè fi ẹ̀kọ tì í kọjá. Omi ló ń dẹ́rù bà mí, Àwẹ̀ró. Omi lásán. Bó bá ti dé ọ̀fun mi, ọ̀nà òdì ló ń gbà, ikọ́ á gbé mi títí ojú mi á fi pọ́n.

Ikọ́ tí Kòkúmọ́ gbọ́, èmi ni. Lójoojúmọ́ ni mò ń ti ilẹ̀kùn yàrá mi, tí mò ń gbé ife omi, tí mò ń sọ pé, "Ọmọ tuntun, omi rèé, ẹnikẹ́ni kì í bá omi ṣọ̀tá." Màá gbé e mu, omi á sì bá mi ṣọ̀tá lójú ẹsẹ̀. Ṣé bí màá ṣe ṣe é nìyẹn níwájú Bàbá Fágbénró? Bàbá ọkọ rẹ yìí, tó jẹ́ pé bí adìẹ bá sín, á bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀! Kí ìyá ìyàwó wá fi ikọ́ àti itọ́ gba ọmọ wọn? Kí wọ́n máa rántí rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ibà bá mú ọmọ náà? Ìdí tí mo fi purọ́ nìyẹn. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ẹ máa fi àánú gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi, ẹ máa ní kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n máa ṣe àmín. Mi ò fẹ́ ṣe àmín. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi súre fún ọmọ rẹ.

Nígbà tí o ní ìyá ọkọ rẹ ló máa ṣe é, mo sunkún, mo bínú, mo sì ní kí Àṣìkẹ́ wọ bàtà. A lọ sí Abẹ́òkúta. Dókítà fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí mi pé ibo ni mo ti wà láti oṣù kẹsàn-án. Mo wolẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mọ́nsúrátù, ọmọ Ìgbógìlà, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, bí ẹ ṣe wolẹ̀ yẹn gan-an, ẹ dúró síbẹ̀." Ó gbé omi fún mi. Ó ní kí n tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, kí n mu ìwọ̀nba díẹ̀, kí n gbé e mì láìgbé orí sókè, kí n sì tún gbé òfo mì tẹ̀lé e. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Omi lọ. Mo dúró de ikọ́, ikọ́ kò wá. Àṣìkẹ́ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ó ní kí n máa ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí n sì padà wá kí wọ́n tún yẹ̀ mí wò. Ní ti adùn, ó ní ó lè padà díẹ̀díẹ̀, òun ò sì lè sọ ìgbà tó máa jẹ́.

Nítorí náà, sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé kó jókòó jẹ́jẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí o bá ti bí i, rán Kòkúmọ́ sí mi. Bọ́dà ṣí o, bọ́dà ò ṣí o, mò ń bọ̀. Wọ́n máa gbé èmi, ọ̀gá iléèwé, gba ọ̀nà fàyàwọ́ bí àpò ìrẹsì, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ tí kì í purọ́ mọ́,
Dinah.


Àjàṣẹ́,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì, 2020.

Màmá mi, ìyá àgbà Ọdúnayọ̀,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìrìn àjò ìgbẹ́. Kòkúmọ́ ní nígbà tí ẹ ń padà lọ, ẹ bá sójà kan wí lójú ọ̀nà pé bọ́tìnnì rẹ̀ ṣí, ó sì dè é. Ọdúnayọ̀ kí yín. Ó ti ń sanra, ọ̀fun rẹ̀ ò sì ní wàhálà kankan. Bó bá ń mu ọmú, ará ilé kejì máa ń gbọ́.

Màmá, ẹ ò mọ ohun tí ẹ dá sílẹ̀ níhìn-ín. Lọ́jọ́ ìkómọ, nígbà tí ẹ gbé ife omi yẹn tí ẹ tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, èmi ò mí mọ́. Ọ̀fun yín ni mò ń wò. Ó lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún lọ sókè. Kò sí ikọ́. Ẹ súre fún ọmọ mi pẹ̀lú ohùn tó há yẹn. Mi ò tíì gbọ́ ohùn tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ò rí ohun tó tẹ̀lé e, torí pé ẹ dijú. Ife kan Bàbá Fágbénró. Bàbá wò yín, wọ́n wo omi, àwọn náà tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí wọ́n tó mu ún. Wọ́n gbé e mì, wọ́n sì tún gbé òfo mì. Ìyá ọkọ mi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àbúrò ọkọ mi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi kan àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó gbórí sókè mọ́. Pẹ̀lú iyọ̀, pẹ̀lú oyin, pẹ̀lú obì, bákan náà. Mo bu ètè jẹ kí n má bàa rẹ́rìn-ín, Ọdẹkúnlé ń fún mi lọ́wọ́ pa.

Mo rò pé ó ti parí. Ní Sátidé tó kọjá, a lọ síbi ìkómọ nílé ẹbí wọn kan. Bí wọ́n ṣe gbé omi dé, ọkùnrin kan gbórí sókè láti mu ún. Bàbá Fágbénró mú un lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Rárá o. A kì í wo òkè mu omi ìsúre. Àwọn ará Ìlaròó ló mọ̀ ọ́n ṣe: wọ́n máa ń tẹrí ba fún omi, wọ́n sì ń gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún ìyá." Gbogbo ilé tẹrí ba. Ọkùnrin kan ní òun ti ń gbọ́ nípa àṣà yẹn láti kékeré.

Màmá, ṣé kí n sọ òtítọ́ fún wọn ni?

Mo fi oyin rán Kòkúmọ́. Oyin ni lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ọmọ mi búra. Ṣé adùn kankan ti ń padà? Ẹ máà tàn mí o.

Ọmọ yín, ìyá ọmọ,
Ọlámipọ̀.


Ìlaròó,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 2020.

Àwẹ̀ró mi,

Bá mi fi ẹnu ko Ọdúnayọ̀ lẹ́nu, kí o sì kí ọkọ rẹ. Sọ fún un pé, "Sà va." Àṣìkẹ́ ló kọ́ mi.

O kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan fún Bàbá Fágbénró. Àṣà Ìlaròó ni, láti oṣù kìíní ọdún yìí. Alfred náà ti ń ṣe é pẹ̀lú omi tó ń mu lórí àga ìwàásù, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ibi tí àṣà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹnì kan ló máa ń ní ọ̀fun dídùn lákọ̀ọ́kọ́.

Oyin rẹ dé. Mo gbé e lọ bá Alfred kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó sá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tọ́ ọ wò fúnra mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ: mi ò mọ adùn kankan. Lọ́jọ́ kejì, mo tún tọ́ ọ wò, kò sí nǹkan kan. Mo bo ìgò náà, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì sọ fún ara mi pé bó bá jẹ́ bí màá ṣe máa jẹun títí lọ nìyí, mo ti súre fún ọmọ ọmọ mi, mo dúpẹ́. Ó dùn mí ṣá. Mi ò lè sọ pé kò dùn mí.

Lánàá, Àṣìkẹ́ gbé ọbẹ̀ ilá ka iwájú mi. Ìwọ mọ̀ ọ́n, láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, bó bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ojú mi. Mo tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, mo gbé òkèlè kan mì. Mo dúró. Mo bu ọbẹ̀ náà lásán, mo fi sórí ahọ́n, mo tún dúró.

Mo ní, "Àṣìkẹ́."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní, "Iyọ̀ yìí ti pọ̀ jù."

Ó ju ìpọnbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ó sáré bọ́ sí ojúde, ó ń pariwo kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Ẹ bá mi dúpẹ́ o! Ọbẹ̀ mi ò dùn! Ẹ̀gbọ́n mi ní ọbẹ̀ mi ò dùn!"

Ó pọ̀ jù lóòótọ́. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ìyá rẹ,
Dinah.